Àjàní, má gbé mi kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ mi

Lábẹ́ Òkè Mápó,
Ìbàdàn.

Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí Àṣàkẹ́ ọmọ mi. Ṣé òtútù Manchester ò mú yín jù? Ara mi le. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, màá sì sọ ohun tó ṣe é kí n tó parí lẹ́tà yìí. Má fo ojú ìwé kankan o. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí lórí fóònù, ìwọ a máa kánjú lọ síbi iṣẹ́, èmi a sì máa kánjú kí dátà má baà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé adé lé Olúbàdàn, Ọba Rashidi Ládọjà, lórí ní Gbọ̀ngàn Mápó. Láti òwúrọ̀ kùtù ni àwọn onílù ti ń gba iwájú ilé wa gun òkè lọ. Dùndún ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dá a lóhùn, mọ́tò tí kò lè lọ síwájú, tí kò sì lè padà sẹ́yìn, ń fọn fèrè. Ìgbà náà lo pè mí. Mo na fóònù sójú fèrèsé kí o lè gbọ́, mo rò pé inú rẹ yóò dùn. Ohun tí o sọ ni pé, "Màmá, ariwo yín yìí ti pọ̀ jù. Ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé." Mo wọlé, mo ti fèrèsé. O wá sọ fún mi pé o ti rí ilé kan ní Akọ̀bọ̀, oníyàrá mẹ́ta, tó ní géètì àti ọlọ́dẹ, ní àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́. O ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́, pé a ó fi ilé bàbá rẹ yìí háyà fún àwọn ọlọ́jà.

Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé owó òógùn ni, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ó gbẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sí Akọ̀bọ̀. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, kí o má baà rò pé agídí àgbà ni.

Láti ọdún tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò ní aago lára ògiri. Àdúgbò yìí ló ń sọ àkókò fún mi. Bí ladáànì bá ti pe ìrun àsùbáà, tó ní ìrun sàn ju oorun lọ, mo ti mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ lójúde, ṣáá, ṣáá, ṣáá, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe ń gbálẹ̀ tirẹ̀. Ìyàwó ilé kejì máa ń gbálẹ̀ bí ẹni ń bínú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbé lókè a máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìgbálẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta torí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago méje, Ìyá Ẹlẹ́rọ ti tan ẹ̀rọ ìlọta, àwọn onímáíkírà ti ń pe èrò, "Dùgbẹ̀! Dùgbẹ̀ ẹyọ kan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa pariwo kọjá. Bí mo bá gbọ́ wọn tí mi ò tíì mu ẹ̀kọ, mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ kí n tó lo oògùn ìfúnpá mi. Àwọn dókítà ní kí n máa fi fóònù rán ara mi létí. Mi ò nílò rẹ̀.

Bí èmi ṣe dàgbà nìyẹn. Ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, ẹlẹ́kọ ni, o mọ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ rí ni pé nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn ajíwéré ló máa ń jí i. Ọmọlẹ́yìn Jésù ni ìyá mi, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bá ti ń lu ìlù kiri lóru láti jí àwọn ẹni wọn fún sààrì, òun náà á dìde, á dáná sábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ. Ó ní láàárín oṣù yẹn, ẹ̀kọ òun kì í pẹ́ jinná. Nínú irú wéré bẹ́ẹ̀ ni orin fújì ti jáde wá nígbẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá gbọ́ fújì lóde òní, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ijó, òórùn ògì tó ń sè ni.

Bí ẹ̀kọ bá jinná, a ó gbé e kiri. Àwa mẹ́ta la máa ń kiri, ìyá wa sì máa ń jókòó sílé gbọ́ wa. Bí mo bá ti pe, "Ẹ̀kọ gbóná o!" títí tí mo yà sí kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ó ní òun mọ ibi tí mo dé, òun sì mọ̀ bóyá ọjà ń tà tàbí kò tà. Bí ọjà ò bá tà, ohùn ọmọ á gùn. Bó bá ń tà, ohùn náà á máa gé kélekèle, torí olówó ń pè é. Lákòókò àgbàdo, àwọn mìíràn á gbàgboro, "Láǹgbé jinná o, ọ̀rọ̀kú orí ebè!" Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pe ọjà báyìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é lónìí, ìyá àgbàdo a máa rí mi rà.

Bàbá mi ní tirẹ̀, akọ̀wé kékeré ni ní ibùdó rélùwéè Dùgbẹ̀. Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn, kí wọ́n tó bí bàbá mi rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé òun ló tẹ́ irin náà. Fèrè ọkọ̀ ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun jáde nílé. Àwa ọmọ a máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, a ó máa pè é bó ṣe ń dún, fàkàfìkì, fàkàfìkì, títí yóò fi pẹ̀hìn dà sí wa. Ọkọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, Mọ́níyà ló ń gúnlẹ̀ sí, fèrè rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ sí Èkó. Ó tutù, ó sì yá, ó dára gan-an. Mo kàn ń dúró de fàkàfìkì náà títí a fi dé Abẹ́òkúta ni.

Rédíò bàbá mi ni mo fẹ́ kí o gbọ́ nípa rẹ̀ jù. Gángan ni wọ́n fi ń ṣíde lórí rédíò Ìbàdàn nígbà náà. Gángan kì í sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn á gbọ́ bákan náà, oníkálukú ló máa ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Lójú àwa ọmọdé, ohun tó ń wí ni pé, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Á tún un wí, á tún un wí. Bàbá mi tó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí kékeré rẹ̀ á dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá kàn ni." Èmi rò pé eré ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìlú ló ń kọ́ wa. Ìbàdàn kò ní ìdílé ọba kan ṣoṣo. Ìlà méjì ló wà, ìlà Olúbàdàn àti ìlà Balógun, tí wọ́n ń jẹ ọba ní ìyípo. Láti orí oyè tó kéré jù lèèyàn á ti máa gun àkàbà, ó lè gba ogójì ọdún. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n ń lùlù gun Mápó lọ yẹn, tí o ní ariwo ti pọ̀ jù, ìdáhùn bàbá mi ni mò ń gbọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Fèrèsé ni o ní kí n tì.

Mi ò fi èyí bá ọ jà. Mò ń ṣàlàyé ni.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, ní ọdọọdún ni mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Láyípo ní Òkè Àrẹ̀, ilé ìṣọ́ tí wọ́n parí ní 1936 láti fi rántí Bower, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn láyé àtijọ́. A ó máa yí po yí po lórí àtẹ̀gùn títí a ó fi dé òkè. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ wòran. Wọ́n á máa nawọ́ sí Mápó, sí Ilé Àwòṣífìlà, ìyẹn Cocoa House, ní Dùgbẹ̀, sí òrùlé páànù tó ti dógùn-ún lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wòran tán, mo máa ń ní kí wọ́n di ojú. "Ó yá, ẹ má sọ ohun tí ẹ rí mọ́. Kí lẹ gbọ́?" Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, ariwo lásán ni. Bí ó bá ṣe díẹ̀, ọmọ kan á ní, "Tíṣà, alágbẹ̀dẹ." Òmíràn á ní, "Àkùkọ. Àkùkọ méjì." Ẹnìkan á gbọ́ odó, gbì, gbì, gbì, á ní ilé kan ń gúnyán ní ọ̀sán gangan, wọn á sì jọ máa rò ó pé àlejò ló dé bá wọn. Ọmọkùnrin kan wà tí kò mọ ìwé rárá, tí gbogbo tíṣà ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀. Ó dijú títí, ó ní, "Ìyá mi ń pe ọjà." Ọjà Ìba ni ìyá rẹ̀ ti ń tà. Bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́ bóyá kò gbọ́ ọ, mi ò bi í. Àwọn tó kù yí ojú padà sí ọ̀nà Ọjà Ìba, wọ́n ń fetí sí i bóyá àwọn náà á gbọ́ ìyá tiwọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni, Àjàní. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn, ìyẹn ni mo rò pé wọ́n rántí.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú ò lè fún èèyàn nílùú yìí. O mọ̀ pé obìnrin kì í rí eégún Olóòlù. Bí ó bá ń bọ̀, a ó wọlé, a ó tilẹ̀kùn. Àádọ́rin ọdún ni mo ti pé báyìí, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n etí mi mọ̀ ọ́n. Mo mọ bí ìlù rẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, mo mọ bí ẹsẹ̀ àwọn tó tẹ̀lé e ṣe ń lu ilẹ̀, mo mọ bí gbogbo àdúgbò ṣe máa ń dákẹ́ kó tó dé. Bàbá rẹ tó ń rí i lọ́dọọdún kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó mi. Ohun tó máa ń sọ kò ju aṣọ rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa fún ọ báyìí. O mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, o ò mọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù Kẹjọ 1980. Oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́fà. A háyà yàrá méjì ní Òkè Adó nígbà yẹn, ìyá mi sì ti wá bá mi gbé nítorí oyún tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìwọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá rẹ wà. Òjò rọ̀, òjò rọ̀, kò dáwọ́ dúró. Ní ti èmi, mo fẹ́ràn òjò lórí páànù, mo ti sùn lọ. Ìyá mi ló jí mi. Kò pariwo. Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó ní, "Dìde. Odò ti yí ohùn padà." Mo ní, "Ìyá mi, òjò ni." Ó ní kì í ṣe òjò. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ilé wa, òun ń gbọ́ Ògùnpa lálaalẹ́, ó máa ń ké bí omi tó ń gba orí òkúta kọjá. Ṣùgbọ́n kò ké mọ́. Mo fetí sí i. Òtítọ́ ni. Ìró kan tó wúwo, tó wà nílẹ̀, ló rọ́pò rẹ̀, ohun kan sì ń kọ lu ohun kan nínú rẹ̀, gbàgì, gbàgì. Igi ni, àti ẹrù ilé àwọn èèyàn tí omi ti gbé.

A ò mú nǹkan kan. A dìde pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn wa, a ń kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé bí a ti ń gòkè lọ sójú títì. Kí a tó dé orí òkè, ògiri yàrá wa ti ya lulẹ̀. Àwọn tó jáde pẹ̀lú wa ń pe orúkọ ọmọ wọn nínú òkùnkùn. Ohùn ni wọ́n fi ń wá ara wọn, torí kò sí iná. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ, gbogbo wa á dákẹ́ kí ó lè gbọ́ bóyá wọ́n á dá a lóhùn. Wọ́n dá àwọn kan lóhùn. Ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá omi náà lọ láàárín ìlú. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà fún Ògùnpa lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 2011 omi tún wọ ìlú láti àwọn odò mìíràn, ó sì tún kó èèyàn lọ, ìwọ náà rí fọ́tò rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ mọ́, òjò ti dá, oòrùn tilẹ̀ yọ. Mi ò gbọ́ ẹlẹ́kọ kankan. Kò sí ìgbálẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe ọjà, kò sí ọmọ tó ń sunkún pé òun ò lọ sílé ìwé. Gbogbo ìsàlẹ̀ Òkè Adó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì wà létí mi. Nígbà tí wọ́n bí ọ nínú oṣù Kọkànlá, ìyá mi ló gbé ọ sókè, tó ní Àjàní ni yóò máa jẹ́, torí a jà kí a tó ní in. Nítorí náà, nígbà tí o bá fi inú rere sọ fún mi pé ibì kan dákẹ́ rọ́rọ́, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí etí mi ń gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni mo fẹ́ràn o, má ṣì mí gbọ́. Mi ò fẹ́ràn jẹnẹrétọ̀. Ó ń bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀, ó tún ń rùn. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n gbé gbohùngbohùn kọjú sí fèrèsé aláìsàn títí di aago méjì òru, ìbáà ṣe ìsọjí, ìbáà ṣe wòlímọ̀, ìbáà ṣe ìnáwó ìsìnkú. Mo máa ń lọ bá wọn fúnra mi. Wọ́n mọ̀ mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo kọ́ ní ábídí. Wọn á dín in kù. Bó bá ṣe pé Akọ̀bọ̀ ni, ta ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ lọ bá?

Ayọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1976, nígbà tí Shooting Stars wa gbá Tonnerre ti Yaoundé ní 4 sí 1 ní pápá ìṣeré Liberty, èmi kò sí ní pápá. Mo wà ní Bẹẹrẹ, mò ń ra òwú. Gbogbo ìsọ̀ ló ti tan rédíò sílẹ̀. Góòlù kẹrin wọlé, ìlú Ìbàdàn sì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, "Súútìn!" Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tó ń ta òwú fún mi gbàgbé láti gba owó. Mo padà wá san án lọ́jọ́ kejì, ó sì ní òun kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó tó báyìí, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó kọjá, mo ṣubú ní balùwẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yí sábẹ́ mi, mi ò lè dìde, fóònù sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pariwo, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde dáadáa, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, mò ń gbàdúrà. Ìyá Ẹlẹ́rọ dé, mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìsọ̀. Lójoojúmọ́, kó tó tan ẹ̀rọ, ó máa ń pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ìyá Àjàní, ẹ ẹ̀ jíire bí?" Èmi náà á dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó pè mí, mo dáhùn, kò gbọ́ mi. Ó tan ẹ̀rọ. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì gidi, mo ní ó ti tán, ariwo ẹ̀rọ ti bo ohùn mi. Kò tíì lo ìṣẹ́jú méjì tí ẹ̀rọ náà fi dá dúró lójijì, láàárín iṣẹ́, pẹ̀lú ata àwọn oníbàárà nínú rẹ̀. Àjàní, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́, mo mọ̀ pé èmi ló ń fetí sí. Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń bọ̀ pàrà pàrà. Òun àti onímáíkírà kan ni wọ́n já ilẹ̀kùn, tí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Eegun kò kán. Iṣan ló fà, wọ́n fi báńdéèjì dì í, mo ti ń fi ọ̀pá rìn.

Èmi ni mo bẹ àbúrò rẹ pé kó má sọ fún ọ. Dárí jì mí. Mo mọ̀ pé bí o bá gbọ́, o ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i báyìí, ẹ lọ sí Akọ̀bọ̀." Ìdí gan-an rèé tí mi ò fi ní lọ. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì kò mọ bí ohùn mi ṣe máa ń rí láàárọ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Nínú owó Akọ̀bọ̀ yẹn, mú díẹ̀ kí wọ́n fi bá mi ri irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ táìsì tí kì í yọ̀. Páànù òrùlé ti jo ní ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ àtijọ́, pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n páànù náà ni kí o fi pààrọ̀ rẹ̀, kí n lè máa gbọ́ òjò. Èyí tó kù, fi san owó ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ lè wálé nígbà ìsinmi Àṣàkẹ́, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, fún oṣù kan gbáko.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ti fi pamọ́ láti Kérésì tó kọjá. Nígbà tí o wálé, o ki nǹkan funfun kékeré yẹn bọ etí méjèèjì láti ọjọ́ tí o dé. Ìyá Alákàrà tó wà ní kọ̀rọ̀ rí ọ, ó kí ọ pé, "Àjàní, ọmọ Tíṣà, káàbọ̀ o!" O kọjá lọ. Mo mọ̀ pé o ò gbọ́. Òun kò mọ̀. Obìnrin yẹn ló pọ̀n ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ lóru lọ́dún tí gìrì gbé ọ, èmi ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì, ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ ọ́ ni. Bí o bá ti dé, kí o tó jẹun, kí o tó wẹ̀, lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́. Kí o sì yọ nǹkan yẹn kúrò létí nígbàkígbà tí o bá ń rìn nílùú yìí. Àwọn èèyàn ń kí ọ.

Àṣàkẹ́ bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí èmi ń pe "ṣé" ní "sé", tí mò ń pe "iṣẹ́" ní "isẹ́". Ìyàwó wa bá a wí, ó rò pé yóò dùn mí. Kò dùn mí rárá. Sọ fún un pé Ìbàdàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá àgbà. Nínú kíláàsì, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pe "ṣ" bó ṣe yẹ, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan ṣì í. Bí mo bá délé tán, ahọ́n mi á padà sílé. Má jẹ́ kí ọmọ náà fi ṣe ẹ̀sín, má sì jẹ́ kó tì í lójú. Bó bá fẹ́, kó máa pè é bíi tèmi nígbà tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ pè mí ní Sátidé yìí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa, tiyín á jẹ́ méje. Mi ò ní ti fèrèsé. Mo máa gbé fóònù sórí tábìlì lẹ́bàá rẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Jẹ́ kí Àṣàkẹ́ di ojú, kó sọ ohun tó gbọ́ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ náà ṣàlàyé èyí tí kò bá mọ̀ fún un. Èyí tí ìwọ náà kò bá mọ̀, ẹ bi mí.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ń pe àwọn tó ni ata. Tèmi wà nínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́ kí n gbé e fún un kí èrò tó pọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.